Ìkúnlẹ̀ Ọmọ Ọlọ́mọ Tí Mo Túmọ̀ Sódì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Mo mọ̀ pé èébú náà tọ́ sí mi. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó tẹnu mi jáde tán ná.

Mo parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí ọmọ tèmi má bàa jẹ̀bi. Ọmọ náà ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ nígbà yẹn. Ó ń lọ sí ọdún karùn-ún báyìí. Mi ò sọ fún pásítọ̀. Mi ò sọ fún ìyá mi títí tó fi kú. Ọkọ mi tá a jọ ń sùn pàápàá, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé irọ́ náà ò dúró síbi tí mo fi sí. Wọ́n ti ń fi kọ́ àwọn tíṣà. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ kékeré kan tí mi ò mọ̀ rí, ó sì ti pa ọmọ náà lára. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lè rìn jìnnà tó báyìí. Háà, ẹnu yà mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àdúgbò Temple là ń gbé, ní Calgary, Canada níbí. Ẹnjiníà ni ọkọ mi ní ilé iṣẹ́ epo kan ní downtown. Nígbà tí ọ̀rọ̀ epo dojú rú, wọ́n pè é wọ yàrá kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí nígbà náà mọ bó ṣe rí. Ilé gogoro kún downtown, kò sí èèyàn nínú wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀rí dáwọ́ dúró, ó ku "ẹ bá wa gbàdúrà." Ọkọ mi tó ń wọ táì lọ síṣẹ́ wá ń jókòó sí basement látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó máa ń pè é ní "my oga" ò pè é mọ́.

Tíṣà lèmi nílé. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kọ́ ọmọ ní Abẹ́òkúta. Níbí, daycare ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń nu imú ọmọ òyìnbó. Mi ò ráhùn o. Iṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìjọba ìlú àti àwọn aláṣẹ ilé ìwé kan ní northeast ìlú wa pawọ́ pọ̀. Àwa òbí aláwọ̀ dúdú ti ń pariwo tipẹ́. Ọmọ wa àti ọmọ òyìnbó á jọ jà, ọmọ wa ni wọ́n á dá padà sílé. Ọmọ wa á dákẹ́, wọ́n á ní olóríkunkun ni. Á sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ ti le jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe rọra tì í lọ sí kíláàsì àwọn tí wọn ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n pè wá sípàdé ní ilé ìwé kan. Mo bínú lọ ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ti rò pé tíì àti bisikíìtì ni wọ́n fẹ́ fún wa jẹ, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn èèyàn ńlá ìlú jókòó sórí àga kékeré tí àwọn ọmọ fi ń kàwé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Wọ́n ń bi wá pé kí la fẹ́. Ìyá kan tó wá láti Somalia sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, kò sẹ́ni tó wo aago. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìlú gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó sì sọ ọ́ padà fún un, ó ní ṣé bó ṣe fẹ́ kóun gbọ́ ọ nìyẹn. Omi bọ́ lójú mi níjókòó. Gbogbo bí mo ṣe ṣe tíṣà tó nílé, kọmíṣọ́nnà kan ò bi mí rí pé ṣé a rí ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé.

Ibi ìpàdé yẹn ni wọ́n ti fẹnu kò pé wọn ò ní lé ọmọ dúdú kankan kúrò ní kíláàsì mọ́ àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pe ẹnì kan tó mọ àṣà ilé rẹ̀. Ẹni náà á bá wọn jókòó, á là á yé wọn kí wọ́n tó dájọ́. "Tábìlì" là ń pè é. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àdúgbò wa sì ní èmi ni kí n máa jókòó fún wa. "Mummy Tèmi, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ tún mọ àṣà." Orí mi wú. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "At least somebody in this house still has a seat somewhere."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe pé mo ń ṣe àwáwí. Ìjókòó yẹn nìkan ni iyì tó ṣẹ́ kù fún ilé wa.

Mo sì mọ iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n pè mí nítorí ọmọkùnrin kan tó ń wolẹ̀ bí tíṣà bá ń bá a wí. Wọ́n ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Mo ní rárá o, ní tiwa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró ni ò lẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó lọ bẹ ọmọ náà lójú gbogbo wa. Òyìnbó ń bẹ ọmọ wa! Mo délé, mi ò lè jẹun, mo kàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé mi ò mọ agbára ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa Ìyá Ìbùkún. Ìséyìn ló ti wá, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń kàwé ní college, ó tún ń ṣe shift ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, PR rẹ̀, ìwé ìgbélùú, ò sì tíì jáde. Basement ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí. Kò ní ṣe nǹkan kan láì bi mí.

Ìbùkún ọmọ rẹ̀ àti Tèmi ọmọ mi, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, Grade 7. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e. Tèmi ò mọ Nàìjíríà, a gbé e wá ní kékeré, English ló fi ń dá wa lóhùn. Ìbùkún ló ń bá a dirun, òun ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́. Ariwo ẹ̀rín wọn nìkan ló máa ń jẹ́ kí ọkọ mi dìde níbi tó jókòó sí.

Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí àwọn ilé ìwé gbé iṣẹ́ ọmọ wọn wá sí City Hall, kí ìlú lè gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ náà fẹ́. Kíláàsì wọn fi páálí, igi àti gílóòbù kéékèèké mọ ilé ìwé kan, irú èyí tó wù wọ́n kí wọ́n máa lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó parí ẹ̀. Tíṣà wọn wá yan Ìbùkún pé òun ni á dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣojú ìlú. Tèmi ti ń múra sílẹ̀ nílé pé òun ni. Ó ti ń sọ ọ́ níwájú dígí.

Inú bí i. Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán, ó wọ kíláàsì lọ, ó fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan náà rún wómúwómú.

Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi nírọ̀lẹ́. "Mommy, I did something really bad." Mo gbọ́ ọ tán, mo bi í pé ta ló rí ọ. Ó ní kò sẹ́nì kankan. Mo ní, "Ó dáa. Pa ẹnu ẹ mọ́. Má sọ fún daddy ẹ pàápàá." Ó wojú mi. Mo rí i pé ohun tó ń retí lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn. Ó ń retí kí n ní ká yí mọ́tò padà.

Ohun tá ò mọ̀ ni pé Ìbùkún rí Tèmi nígbà tó ń sá jáde. Ìbùkún wọlé, ó bá nǹkan náà nílẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó ti í, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Bí tíṣà ṣe wọlé bá a nìyẹn, gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, páálí fífọ́ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ilé ìwé pè mí sí tábìlì. Wọ́n ní nítorí Ìbùkún ni. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ìyá rẹ̀ pè. Ó ní òun wà ní shift, wọ́n ń dá èèyàn dúró, òun ò gbọdọ̀ kúrò. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ bá mi ṣe é bí ọmọ yín."

Ó yẹ kí n ní mi ò lè wá. Ó yẹ kí n ní inú ń run mí. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé tí wọ́n bá mọ̀ pé ọmọ ẹni tó ń jókòó fún Nàìjíríà ló fọ́ nǹkan, wọ́n á gba ìjókòó náà lọ́wọ́ mi, ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á sì gbà á. Mo wọ kóòtù mi, mo lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, obìnrin ni. Tíṣà wọn wà níbẹ̀, àti obìnrin ọ́fíìsì ìlú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti bi Ìbùkún pé ṣé òun ni. Ó ní òun kọ́. Wọ́n bi í pé ta wá ni. Ó dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo ṣílẹ̀kùn. Bí Ìbùkún ṣe rí mi, ó dìde lórí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ma."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí àgbà láàárọ̀, kí ló ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ó kí mi ni. Inú ìdààmú tó wà, kò gbàgbé láti kí mi.

Ojú ọ̀gá ilé ìwé yí padà. Kò rí irú ẹ̀ rí. Ó rọra bi mí pé kí nìyẹn, kí ni ọmọ náà sọ. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi èmi àti ọmọ náà.

Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Mo ti parọ́ mọ́ ọmọdé, ẹ má jẹ́ kí n tún parọ́ mọ́ èṣù. Èmi fúnra mi ni mo la ẹnu mi. Mo ní, "She is begging. In our culture, when a child kneels like this, she has accepted that she did it."

Ìbùkún gbọ́ English. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà nìyẹn lóòótọ́. Ọ̀gá ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Is that right, dear?"

Mo ń retí kó ní rárá. Ẹ gbà mí gbọ́, apá kan nínú mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní rárá. Ó wolẹ̀, ó ní, "Yes, ma."

Yéè! Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọdé kì í pe àgbà lónírọ́ láwùjọ. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló fi gbà mí sílẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá. Mo ti dàgbà, mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, mi ò tíì rí ọlá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lára èèyàn, èmi tí mi ò yẹ fún un ló sì fi bọ̀wọ̀ fún.

Obìnrin ọ́fíìsì ìlú di ọwọ́ mi mú. Ó ní ìdí tí àwọn fi nílò mi nìyí.

Wọ́n dá Ìbùkún padà sílé fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n mú un kúrò ní kíláàsì àwọn tó mọ̀wé. Wọ́n ní kí Tèmi sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀ ní City Hall. Mo jókòó ní iwájú, mo wọ búláòsì aláwọ̀ wúrà mi. Ohùn ọmọ mi ń gbọ̀n, àwọn èèyàn rò pé ìdùnnú ni. Mo pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Tèmi ò ti lè wo ojú Ìbùkún mọ́. Tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á gba ọ̀nà ibòmíràn. Ilé wa dákẹ́.

Ìyá Ìbùkún gbé búrẹ́dì wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sọ nílé pé òun kọ́. Mo ní ṣé Mummy Tèmi ló máa wá parọ́ mọ́ ẹ?" Ó ní òun ò dá a lóhùn mọ́ tó bá kúnlẹ̀ kí òun láàárọ̀. Òun á jẹ́ kó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́ kóun tó ní kó dìde. Mo gba búrẹ́dì náà. Ẹ dákun, mo gbà á. Mo ní kó ṣe sùúrù pẹ̀lú ọmọ, pé ọmọdé lọmọdé ń jẹ́.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Àlàyé tí mo ṣe yẹn wú obìnrin ọ́fíìsì ìlú lórí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn tíṣà tuntun nípa bí wọ́n ṣe máa mọ ọmọ wa, ó fi kún un. Ó ní tí ọmọ Nàìjíríà bá kúnlẹ̀ níwájú yín, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ rọra bi í léèrè ohun tó ṣe. Èmi gan-an ni wọ́n ń pè kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń mi orí. Lọ́dọọdún. Gbogbo ìgbà tí mo dúró síbẹ̀ ni mo lè sọ òótọ́, gbogbo ìgbà náà ni mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan pè mí láti àdúgbò Savanna. Wọn ò tíì pẹ́ dé. Ọmọ rẹ̀ ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Láràárọ̀ ni ọmọ náà ń kúnlẹ̀ kí tíṣà rẹ̀. Tíṣà náà, èèyàn dáadáa ni o, ohun tá a kọ́ ọ ló ń ṣe. Láràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé kí lo ṣe? Kí lo ṣe, dear? Ọmọ náà kọ́kọ́ ní òun ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó rí i pé tíṣà ò yé bi òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ní òun jí pẹ́ńsù. Ó ní òun da omi sílẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Ìyá rẹ̀ ní nígbà tó yá, kò kúnlẹ̀ kí òun náà mọ́. Tó bá jí, á dúró gbọnrangandan lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Mummy, mi ò ṣe nǹkan kan." Obìnrin náà ń sunkún sí mi létí. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ àṣà, ma. Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe?" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì mi.

Wọ́n pe gbogbo wa jọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ará ìlú, ará ilé ìwé, òbí. Mo wọlé, ta ni mo rí? Ìbùkún. Ó ti wà ní Grade 12. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló yàn án pé kó wá sọ̀rọ̀ fún àwọn. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Mo ní, ó tán, òní ni.

Ó gbọ́ ìyá Savanna tán. Ó dìde. Ó sọ ọ́ ní English, ṣùgbọ́n bó ṣe yé mi nìyí. Ó ní ohun tí Mummy Tèmi là yé wọn nígbà náà, ó ku apá kan, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kóun fi kún un. Ó ní ọmọ Yorùbá ń kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ń kúnlẹ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó tún lè kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọmọ tó kúnlẹ̀ nìkan ló mọ èyí tóun ń ṣe. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọmọ náà lóun nìkan, kí wọ́n tó bi àgbàlagbà kankan.

Ọ̀gá kan níbẹ̀, tó ti hu ewú, ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Níbẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ní àwọn á yí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ tíṣà padà. Ìyá Savanna fi orí lé tábìlì, ó ń sunkún ayọ̀.

Apá kan ni ó kù. Bó ṣe wí i nìyẹn. Kò ní mo parọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, gbogbo ohun tó pàdánù, ó dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá ńlá, ó sì fi aṣọ bò mí. Mi ò mọ ohun tí mo lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo òkè.

Mo sá tẹ̀ lé e dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, snow ń bọ́ lé mi lórí, mi ò rántí dé fìlà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó gbá apá mi mú ṣinṣin. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé Tèmi ni? Ó ní òun rí i. Mo ní kí ló dé tí kò sọ? Ó ní, "Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, ma. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?" Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bú mi. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má lọ tú ọ̀rọ̀ náà fún ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó tábìlì nítorí òun. Ó ní tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń jókòó fún wa parọ́, wọ́n lè ní tábìlì náà ò wúlò. Àwọn ọmọ kan á wà tí kò ní sẹ́ni tó máa jókòó tì wọ́n. Ẹ gbọ́ ohun tó ń rò o, ọmọ tí kò sẹ́ni tó jókòó tì í.

Ó ti fẹ́ máa lọ, ló bá yíjú padà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mummy mi ṣì rò pé èmi ni." Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Mo délé, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi àti Tèmi. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ padà, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun náà fara mọ́ Ìbùkún, kí n má tú tábìlì ká. Tèmi ò sunkún. Ó ní, "I've been waiting for you to say it since Grade 7, Mommy." Ó ní tí mi ò bá lọ sọ fún ìgbìmọ̀, òun á lọ sọ ipa tòun. Mo wò ó, mo rí i pé mo ti jẹ ọmọ tèmi náà níyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkàn mi ń sọ pé kí n lọ jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀, kí n fi ìjókòó náà sílẹ̀ fún ẹni tó yẹ. Ṣùgbọ́n mo tún ń bẹ̀rù pé kí n má lọ fi ìjẹ́wọ́ mi ba ohun tó ń gba ọmọ elòmíràn là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nírú ipò yìí rí, kí ni kí n ṣe?

Èyí ò tiẹ̀ ni mí lára tó ti Ìyá Ìbùkún. Ó pè mí lánàá. Ìbùkún máa jáde ilé ìwé láìpẹ́. Ó ní èmi ni kí n wá dúró pẹ̀lú wọn ya fọ́tò, pé èmi ni mo ran òun lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà fẹ́ ṣìnà. Ó ní òun ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Sátidé ká lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Mi ò ní jẹ́ kó lọ láìsọ fún un. Ìyẹn ti dá mi lójú, ẹ má bẹ̀ mí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí, mo mọ ohun tó máa gún un jù. Kì í ṣe irọ́ mi. Ohun tó máa gún un ni pé ọmọ rẹ̀ sọ òótọ́ fún un lójúkojú, òun sì jẹ́ kó kúnlẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ó fọkàn tán mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bẹ̀bẹ̀ fún irú ẹ̀ rí. Tó bá jókòó tán, tí mo sì gbé omi fún un mu, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?